Peugeot 504 Mi Kì í Tètè Jí Láàárọ̀: Kí Ni Kí N Kọ́kọ́ Yẹ̀ Wò?

Ọmọ_Onípijó (Ìtọ̀kú)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ Peugeot 504 tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi ni mo gbé wá. GL ni, ti ọdún 1983, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n tò ní Kàdúná. Kabúrétọ̀, ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnì, ló ń lò. Bàbá mi fi ná ọjà Ìtọ̀kú níbí ní Abẹ́òkúta fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àbàwọ́n búlúù tó wà lára ìjókòó ẹ̀yìn títí dòní, aró àdìrẹ ni. Mi ò fẹ́ tà á, mi ò sì fẹ́ kí adìẹ sọ ọ́ di ilé.

Ohun tó ń ṣe nìyí. Láàárọ̀, bí mo bá yí kọ́kọ́rọ́, sítátà á máa yí, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì ò ní gbà. Mo lè yí i lẹ́ẹ̀mẹjọ, lẹ́ẹ̀mẹsàn-án kó tó jí. Ìgbà mìíràn, bátìrì á ti rẹ̀ kó tó dáhùn, àwọn ọmọ àdúgbò ni wọ́n á bá mi tì í. Tó bá ti wá jí, ó parí nìyẹn. Mo lè wà á dé Ṣàgámù kí n sì bọ̀, kò ní dá mi dúró. Bí mo bá pa á ní Kútọ̀, tí mo ra ohun tí mo fẹ́ rà, tí mo padà dé, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń jí.

Mẹkáníìkì tí mo gbé e fún ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń tanná sí epo, ó pààrọ̀ kọ́yìlì tó ń fún púlọ́ọ̀gì ní iná tó lágbára, ó tún ní kí n ra kabúrétọ̀ tòkúnbọ̀. Gbogbo rẹ̀ ni mo rà. Ibi tó wà náà ló wà. Ní báyìí, ó ní ẹ́ńjìnì ló ti gbó, kí n lọ wá ẹ́ńjìnì míì. Ẹ jọ̀ọ́, kí n tó tún náwó, ẹ bá mi dá sí i.

Rìwáyà_Kútọ̀

Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí mi. Iṣẹ́ iná ọkọ̀ ni mò ń ṣe, torí náà ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti iná, kó má baà jẹ́ pé òun ló ń dà wá láàmú.

Ẹ fi mítà kan bátìrì kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀. Bátìrì tí ara rẹ̀ dá, tó ti sinmi mọ́jú, á ka nǹkan bíi 12.6 fóòtì. Kí ẹnì kan wá máa yí sítátà, kí ẹ máa wo mítà. Tó bá já wálẹ̀ ju 9.6 lọ, ó lè jẹ́ bátìrì ló ń kú lọ, ó lè jẹ́ orí bátìrì ló dípẹtà, ó sì lè jẹ́ wáyà áàtì tó so ẹ́ńjìnì mọ́ ara ọkọ̀ ló ti jẹ dànù. Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé sítátà lè máa yí dáadáa létí, kó jẹ́ pé òun ló fa gbogbo iná mu, tí kò ṣẹ́ èyí tó máa tó kọ́yìlì kù.

Tí bátìrì bá dáa, ẹ tú púlọ́ọ̀gì kan, ẹ fi í sẹ́nu wáyà rẹ̀, ẹ gbé e lé irin ẹ́ńjìnì kí ara rẹ̀ kàn án, kí ẹnì kan yí sítátà. Ẹ má fọwọ́ lásán mú un, ẹ sì rí i dájú pé epo kankan ò kán sílẹ̀ nítòsí. Iná tó dáa á funfun, á pọ̀ mọ́ búlúù, ẹ ó sì máa gbọ́ ọ tí yóò máa ta pá, pá, pá. Tó bá pọ́n bí iná àtùpà, tí kò sì dún, agbára rẹ̀ ò tó láti jí ẹ́ńjìnì tútù.

Nígbà náà, inú dìsìtíríbútọ̀, ohun tó ń pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì, lẹ máa lọ. Ẹ wo kọ́ńtáàtì, ojú irin méjì tó ń ṣí tó sì ń pa dé nínú rẹ̀. Lójú temi, mẹ́fà nínú mẹ́wàá àwọn ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n ń gbé wá bá mi, ibẹ̀ ni ẹjọ́ wọn máa ń wà. Tó bá ti jó, tí ojú kan ní ihò, tí ojú kejì sì yọ gọngọ, kọ́ńdẹ́ńsà, ohun kékeré tí kì í jẹ́ kí iná jó kọ́ńtáàtì, ló ń kú, ẹ má pààrọ̀ ọ̀kan kí ẹ fi ìkejì sílẹ̀. Àlàfo kọ́ńtáàtì 504 yẹ kó wà ní nǹkan bíi 0.4 mìlímítà nígbà tó bá ṣí tán. Ẹ má ṣe fi ojú lásán wọ̀n ọ́n. Ti púlọ́ọ̀gì, nǹkan bíi 0.6 ni, bíléèdì ayùn tí a fi ń gé irin sún mọ́ iye yẹn, òun ni ọ̀gá mi fi kọ́ mi kí n tó lówó ra ohun èlò gidi.

Bàbá_Lafẹ́nwá

Ọmọ mi, má ra ẹ́ńjìnì.

Ọdún 1975 ni Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot, ọmọ iṣẹ́ ni mí nígbà yẹn. Látìgbà náà ni mo ti ń tú 504. Ẹ́ńjìnì tó gbé ọ dé Ṣàgámù tó sì gbé ọ bọ̀, tó ń jí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní Kútọ̀, kò gbó. Tí ríǹgì bá ti jẹ tí kọ́ǹpírẹ́ṣọ̀n, agbára tí ẹ́ńjìnì fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, sì ti lọ, wà á rí èéfín búlúù lẹ́yìn, ọkọ̀ ò sì ní lè gun òkè Ìtọ̀kú bó ṣe yẹ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń túnṣe lónìí kì í bèèrè ni pé: ìgbà wo ló ń kọ̀? Ọkọ̀ tó ń kọ̀ nígbà tó tutù, àìsàn rẹ̀ yàtọ̀ sí ti èyí tó ń kọ̀ nígbà tó gbóná. Èyí tó ń kọ̀ láàárọ̀, epo ni kì í tó o. Èyí tó ń kọ̀ lọ́sàn-án lẹ́yìn tí o pa á fún ogún ìṣẹ́jú, epo ló máa ń pọ̀ jù fún un, tàbí kó ti hó, tàbí kó jẹ́ pé nǹkan iná kan ló ń rẹ̀ tó bá ti gbóná. Tìrẹ ti dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́: láàárọ̀ nìkan ni. Mi ò sọ pé kí o má yẹ iná wò bí ẹni tó ṣáájú mi ṣe wí, ó sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n kọ́yìlì tuntun àti púlọ́ọ̀gì tuntun ò yí nǹkan kan padà, àlàyé sì wà nínú ìyẹn.

Láàárọ̀ ọ̀la, kí o tó yí kọ́kọ́rọ́ rárá, ṣe báyìí. Ṣí bónẹ́ẹ̀tì. Tú ideri asẹ́ afẹ́fẹ́ kúrò kí o lè rí ọ̀nà ọ̀fun kabúrétọ̀. Fa ṣóòkì nínú ọkọ̀, èyí tó ń dín afẹ́fẹ́ kù kí epo lè pọ̀ fún ẹ́ńjìnì tútù, kí o wá wò ó bóyá irin pẹlẹbẹ tó wà lókè ọ̀fun náà pa dé. Tí kò bá pa dé, wáyà ṣóòkì ló ti fà tàbí tó há, ibẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ tún ṣe. Tó bá pa dé, tì í ṣí, kí o fọwọ́ fa ibi tí wáyà tótù, ohun tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré, ti so mọ́ kabúrétọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Tẹjú mọ́ inú ọ̀fun yẹn. Ó yẹ kí o rí epo tó máa ta jáde lójijì láti ẹnu páìpù wínníwínní kan, bí ìgbà tí ọmọdé bá ta omi láti ẹnu. Fà á lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta.

Tí epo bá ta, ó wà nínú abọ́ kabúrétọ̀, ibi tí epo ń dúró sí. Tí ohunkóhun ò bá ta, yálà abọ́ ti gbẹ, yálà dáyáfúràmù, awọ pẹlẹbẹ tó ń ta epo yẹn, ti ya. Padà wá sọ fún mi.

Ìbéèrè kan sì kù. Ibo lo ń gbé ọkọ̀ sí lálẹ́?

Ọmọ_Onípijó (Ìtọ̀kú)

Bàbá, ẹ ṣé gan-an ni, ẹ kú àárọ̀. Mo ti ṣe é.

Bátìrì: 12.5 kí n tó yí i, ó já sí 10.4 nígbà tí sítátà ń yí. Iná púlọ́ọ̀gì funfun, ó sì ń ta. Àbúrò mi ló mú mítà, èmi ni mo yí kọ́kọ́rọ́.

Ṣóòkì pa dé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fa tótù, nǹkan kan ò ta jáde. Mo fà á lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ọ̀fun gbẹ táútáú. Òórùn epo pàápàá ò sí níbẹ̀. Mo wá yí i títí ó fi jí, mo pa á, mo tún fà á: epo ta! Ó ta dáadáa, ó funfun, ó já gba inú ọ̀fun lọ.

Ọkọ̀ ń sùn níwájú ilé wa lábẹ́ òkúta. Ibẹ̀ ò tẹ́jú, imú ọkọ̀ ló máa ń kọ sókè. Mo máa ń fi òkúta há táyà ẹ̀yìn.

Ìjàpá_Ìbarà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Volkswagen Ìjàpá ni tèmi, ìdàkejì gan-an ni tèmi ń ṣe. Òwúrọ̀, kíá. Ṣùgbọ́n kí n wà á láti Ìbarà dé Pansẹ́kẹ́ nínú gòsílóò ọ̀sán, kí n pa á fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò ní jí mọ́ àyàfi tó bá tutù. Mo máa ń fẹsẹ̀ gún tótù léraléra, kò ṣe é ní àǹfààní. Ṣé kí n ṣí ọ̀rọ̀ tèmi síbòmíì ni?

Bàbá_Lafẹ́nwá

Jókòó síbí, ẹjọ́ méjèèjì máa ran ara wọn lọ́wọ́. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ọmọ mi obìnrin lóhùn.

Ọmọ mi, o ti ṣe dáadáa. Wò ó: dáyáfúràmù tótù ò ya, torí ó ta lẹ́yìn tí ọkọ̀ jí. Abọ́ kabúrétọ̀ ló ń gbẹ mọ́jú. Bí abọ́ ṣe ń dín kù díẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Tí o bá pa ẹ́ńjìnì gbígbóná, ooru rẹ̀ á máa gbé epo inú abọ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n pọ́ǹpù epo tí ara rẹ̀ dá á kún un padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí sítátà bá ti ń yí, nítorí epo ti wà nínú rọ́bà títí dé ẹnu ọ̀nà. Tìrẹ, rọ́bà náà ti ṣófo. Epo ti padà sínú táńkì. Imú ọkọ̀ wà lókè, táńkì wà lẹ́yìn nísàlẹ̀. Tí ohun tó yẹ kó dá epo dúró ò bá dá a dúró, ibo ni yóò lọ bí kò ṣe ilé rẹ̀? Sítátà wá ní láti fi pọ́ǹpù fa epo láti ẹ̀yìn ọkọ̀ wá síwájú ní gbogbo àárọ̀ ọlọ́jọ́. Ìyẹn ni ẹ̀ẹ̀mẹjọ, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án tí ò ń yí i. Ó sì yé mi báyìí ìdí tó fi ń jí ní Kútọ̀: epo ò tíì ráyè padà.

Ohun méjì ló lè fà á. Èkíní, fáàfù kékeré inú pọ́ǹpù, èyí tó ń jẹ́ kí epo kọjá tí kì í jẹ́ kó padà, ti gbó tàbí ìdọ̀tí ti há sí i. Èkejì, rọ́bà kan láàárín táńkì àti pọ́ǹpù ti sán. Èyí ni kì í hàn sáwọn èèyàn, torí kì í jò sílẹ̀. Fífà ni pọ́ǹpù ń fa epo ní apá ibẹ̀, kì í tì í. Bí ìgbà tí èèyàn bá ń fi sítírọ́ọ̀ mu nǹkan tí ihò kan wà lára rẹ̀: ohun mímu kì í jáde, afẹ́fẹ́ ló ń wọlé. Lálẹ́, afẹ́fẹ́ yẹn ló ń gba ibẹ̀ wọlé kí epo lè padà.

Bí o ṣe máa mọ èyí tó jẹ́: tú rọ́bà tó wọ kabúrétọ̀, ti ẹnu rẹ̀ bọ inú ike omi tó mọ́, tó sì ṣeé rí inú. Yọ wáyà àárín kọ́yìlì kí iná má fò. Jẹ́ kí àbúrò rẹ yí sítátà fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kó sinmi ìṣẹ́jú kan kó tó tún yí. Sítátà tí wọn ò jẹ́ kó sinmi ló ń jó. Ìwọ máa wo inú ike. Tí epo bá ń wá pẹ̀lú ìfófòó, afẹ́fẹ́ ń wọ̀ ọ́ níbì kan, rọ́bà ni. Tó bá ń wá láìní ìfófòó àmọ́ tó rọra ń kán, pọ́ǹpù ni, tàbí asẹ́ tó dí. Pọ́ǹpù tó dáa máa ń tu ú jáde ni, pì, pì, pì.

Ohun kan tí mo gbọ́dọ̀ sọ, nítorí mo mọ̀ pé ẹnì kan máa tó gbà ọ́ níyànjú rẹ̀. Wọ́n á ní kí o da epo sí ọ̀fun kabúrétọ̀ láàárọ̀ kó lè jí. Òótọ́ ni pé ó ń jí i. Ṣùgbọ́n má fi ìgò dà á, má sì jẹ́ kí ẹnì kan máa yí sítátà kí ẹlòmíì máa dà á. Ó ṣojú mi: ọmọ iṣẹ́ kan ń da epo láti inú ìgò, ẹ́ńjìnì gbiná padà láti ọ̀fun, ìgò ọwọ́ rẹ̀ gbiná. Apá rẹ̀ ò tíì padà bọ̀ sípò títí dòní. Tó bá di dandan láti fi yẹ̀ ẹ́ wò, sírínjì ni kí o fi fa epo mìlílítà márùn-ún péré, tu ú sínú ọ̀fun, gbé sírínjì àti epo lọ jìnnà, dé asẹ́ afẹ́fẹ́ padà, kí o tó lọ yí kọ́kọ́rọ́. Gbé yanrìn sí ìtòsí.

Ọmọ_Àdátán

Àǹtí, kí ló dé tí ẹ ń da ara yín láàmú? Ẹ ra pọ́ǹpù oníná, ẹ so ó mọ́ ẹ̀yìn, ẹ ti bọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ṣe é sí tirẹ̀.

Rìwáyà_Kútọ̀

Àbúrò, mo ti so irú rẹ̀ rí, kò burú tí a bá mọ ohun tí à ń ṣe. Ṣùgbọ́n pọ́ǹpù tó pọ̀ jù lọ nígboro, ti ọkọ̀ injẹ́kítọ̀ tí kì í lo kabúrétọ̀ ni, agbára rẹ̀ ju èyí tí kabúrétọ̀ lè gbà lọ lọ́pọ̀lọpọ̀. Á ti abẹ́rẹ́ fúlóòtì, èyí tó ń dí epo tí abọ́ bá ti kún, ṣí, epo á máa ṣàn sínú ẹ́ńjìnì. Kabúrétọ̀ ò nílò ju nǹkan bíi psi mẹ́ta lọ, psi ni a fi ń wọn agbára tí pọ́ǹpù fi ń ti epo. Ohun kejì ni pé tí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan tí ẹ́ńjìnì sì kú, pọ́ǹpù ara ẹ́ńjìnì á dúró, ṣùgbọ́n ti oníná á máa pọn epo lọ tí wọn ò bá fi ohun tó máa pa á sí i. Tí rọ́bà bá sì sán, ọ̀rọ̀ ò tíì tán, afẹ́fẹ́ á ṣì máa wọlé. Ẹ jẹ́ kó wá ibi tó ti bàjẹ́ ná.

Ìyá_Ìbejì_Àsẹ̀rò

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Mi ò kì í ṣe mẹkáníìkì, Ìjàpá lèmi náà ní. Kí ẹ má gbàgbé ti epo fúnra rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022 tí wọ́n kó epo tí methanol pọ̀ nínú rẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè wa, mo rà nínú rẹ̀ láìmọ̀. Methanol a máa jẹ rọ́bà àti dáyáfúràmù, ó sì máa ń fa omi mọ́ra. Láàárín oṣù méjì, rọ́bà epo mi ti rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù.

Nígbà òjò náà, ẹ ṣọ́ra fún epo inú kẹ́ẹ̀gì. Èmi kì í dà á sọ́kọ̀ lójú ẹsẹ̀ mọ́. Mo máa ń da díẹ̀ sínú ìgò funfun, màá gbé e sílẹ̀ kí n fi gbálẹ̀ tàbí kí n fọ abọ́. Tí mo bá padà dé, tí omi bá wà nínú rẹ̀, nísàlẹ̀ ni yóò wà, ìlà kan á pààlà láàárín òun àti epo, ẹ ó rí i kedere. Omi díẹ̀ nínú abọ́ kabúrétọ̀ ti tó láti dí jẹ́ẹ̀tì, ihò wínníwínní tí epo ń gbà.

Bàbá_Lafẹ́nwá

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ ìgò yẹn, kí gbogbo yín dì í mú.

Ó di ọ̀dọ̀ rẹ, Ìjàpá Ìbarà. Dá ẹsẹ̀ dúró lórí tótù. Gbogbo ìgbà tí o bá gún un, dáyáfúràmù yẹn ń ta epo sínú ẹ́ńjìnì tó ti mu àmupara tẹ́lẹ̀. Nígbà tí o pa ọkọ̀, ooru gùn wá sókè láti ara ẹ́ńjìnì, epo inú abọ́ hó, ó sì ya wọ inú ẹ́ńjìnì. Ṣe é báyìí: tẹ tótù dé ilẹ̀, fi ẹsẹ̀ dì í mú síbẹ̀, má gbé e, yí sítátà. Afẹ́fẹ́ á gba inú rẹ̀ kọjá, á gbá epo tó pọ̀ jù dànù. Tó bá gbà, gbé ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tó bá jí bẹ́ẹ̀, a ti mọ̀ pé epo ló pọ̀.

Lẹ́yìn náà, tú púlọ́ọ̀gì kan nígbà tó bá kọ̀, kó tó tutù. Tí púlọ́ọ̀gì náà bá rin fún epo, bí mo ṣe wí ni. Tó bá gbẹ, pọ́ǹpù tàbí rọ́bà ti gbóná débi pé epo inú rẹ̀ hó di afẹ́fẹ́, kò ṣeé fà. Fi aṣọ tútù bo pọ́ǹpù fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí o tún gbìyànjú. Tí kò bá sí iná lára púlọ́ọ̀gì nígbà tó gbóná, tí iná sì padà nígbà tó tutù, kọ́ńdẹ́ńsà tàbí kọ́yìlì ni.

Ìjàpá rẹ tún ní ohun kan tí 504 yẹn ò ní: ṣóòkì tirẹ̀ oníná ni, fúnra rẹ̀ ló ń ṣí. Wáyà kan ló ń gbé iná lọ síbẹ̀ láti ara kọ́yìlì. Tí wáyà yẹn bá ti já, ṣóòkì ò ní ṣí bó ṣe yẹ, epo á máa pọ̀ jù ní gbogbo ìgbà. Wá wáyà náà, ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún kabúrétọ̀, lára ohun roboto kan.

Ìjàpá_Ìbarà

Bàbá! Wáyà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ńṣe ló rọ̀ dirodiro, kò kan nǹkan kan. Mo ti tì í wọlé, mo sì fi púláyà fún ẹnu rẹ̀ kó lè di ibẹ̀ mú. Lọ́sàn-án òní, mo dúró ní Pansẹ́kẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú. Mo tẹ tótù dé ilẹ̀ bí ẹ ṣe wí, ó gbà ní yíyí kejì. Èéfín dúdú tú lẹ́yìn díẹ̀, ó wá mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kó ṣì máa pẹ́ tó yíyí méjì?

Rìwáyà_Kútọ̀

Ẹ wà á fún ọ̀sẹ̀ kan ná, kí púlọ́ọ̀gì jó dúdú ara wọn kúrò. Tó bá ṣì ń pẹ́, ẹ padà wá sọ fún wa.

Ọmọ_Onípijó (Ìtọ̀kú)

Bàbá Lafẹ́nwá, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ìfófòó ni.

Àbúrò mi yí sítátà, mo di ike mú. Fún ìgbà mẹ́ta àkọ́kọ́, afẹ́fẹ́ nìkan ló ń tú jáde. Lẹ́yìn náà epo bẹ̀rẹ̀ sí í wá, ó ń hó bí ọṣẹ. Mo wá wọ abẹ́ ọkọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ tẹ rọ́bà láti ẹ̀yìn wá síwájú, torí ojú lásán ò rí nǹkan. Irin ló pọ̀ nínú ọ̀nà náà, ṣùgbọ́n rọ́bà kúkurú kan wà lẹ́bàá táńkì, kò gùn ju ìka mi àárín lọ. Lókè, ó dán, bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣe é. Nígbà tí mo yí i wo ìsàlẹ̀ tí mo sì tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó là bí ẹnu ẹja, ní ibi tí kílíìpù ti fún un. Gbogbo inú rẹ̀ ti ya pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ bí ilẹ̀ ìgbà ọyẹ́.

Mo ra rọ́bà tuntun ní Lafẹ́nwá, èyí tó ṣeé lò fún bẹntiróòlù, kì í ṣe ti omi. Mo ra kílíìpù méjì. Mo tún tú ideri pọ́ǹpù, asẹ́ kékeré kan wà nínú rẹ̀, iyanrìn àti ohun dúdú ló kún un. Mo fi epo fọ̀ ọ́, mo dá a padà. Kò sí ohun mìíràn tí mo pààrọ̀.

Lálẹ́ àná, mo gbé ọkọ̀ síbi tí mo máa ń gbé e sí, imú sókè. Láàárọ̀ yìí kò tíì tó aago mẹ́fà nígbà tí mo jáde. Mo fa ṣóòkì, mo tẹ tótù lẹ́ẹ̀kan, mo yí kọ́kọ́rọ́. Ó yí díẹ̀, kò tó bí ìgbà tí èèyàn á fi kà dé mẹ́rin, ó jí. Ìyá mi jáde síta nínú ìró, ó ní òun rò pé bàbá wa ló ń jáde lọ ọjà.

Kabúrétọ̀ tó wà lórí rẹ̀ báyìí ni tòkúnbọ̀ tí mo rà. Èyí tó bá ọkọ̀ wá látilẹ̀ ṣì wà nínú búùtù. Ṣé kí n dá a padà?

Bàbá_Lafẹ́nwá

Mo dúpẹ́, ọmọ mi. Dá a padà, òun ni wọ́n ṣe fún ẹ́ńjìnì yẹn, jẹ́ẹ̀tì inú tòkúnbọ̀ lè má bá a mu. Ṣùgbọ́n má dá a padà lọ́sẹ̀ yìí. Jẹ́ kó jí fún ọ ní àárọ̀ méje báyìí ná, ká lè mọ̀ dájú pé rọ́bà ló tán an. Lẹ́yìn náà kí o tú ti àtilẹ̀, fọ̀ ọ́, pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kí o fẹ́ afẹ́fẹ́ sí jẹ́ẹ̀tì. Má fi wáyà gún un, ihò á tóbi sí i.

Kí o sì wọ abẹ́ ọkọ̀ ní ọjọ́ Sátidé, fi sukudúráfà fún kílíìpù méjèèjì lẹ́ẹ̀kan sí i. Rọ́bà tuntun máa ń rọ̀ díẹ̀ tó bá ti mu epo.